Bí A Ṣe Ń Ṣa Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì fún Ìdílé Tí Owó Wọn Mọ Níwọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Abẹ́òkúta ní kí n bá òun ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kan fún ilé òun, ó sì ti ka owó lé mi lọ́wọ́ kí ó tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Mo dá owó náà padà fún un, mo ní kí àwọn ará ilé kọ́kọ́ jókòó, kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tirẹ̀. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, Excel ló sì fi ń ṣe ìṣirò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àkọ́bí wọn ń múra sílẹ̀ fún UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ mouse àti kíbọ́ọ̀dù lára kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì ń wo fídíò ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń ṣe géèmù kéékèèké. Kò sí ẹni tó ń ṣe fíìmù nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ń ṣe géèmù ńláńlá. Ìdáhùn yìí ló pinnu gbogbo ohun tí a rà, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà kọ sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé, nítorí ẹni tó bá wọ ọjà láì mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe, ohun tó ti pẹ́ lórí àtẹ ọlọ́jà ni wọn yóò tà fún un.

Ẹlòmíràn yóò béèrè ìdí tí a kò fi ra laptop. Ohun tí mo fi fara mọ́ ti orí tábìlì fún ilé tó ní ọmọ ni pé bí kíbọ́ọ̀dù bá bàjẹ́, kíbọ́ọ̀dù nìkan la ó pààrọ̀. Bí ọmọ bá da omi sórí tábìlì, omi náà kò ní tètè dé inú kéèsì, àpótí tó gbé àwọn ẹ̀yà inú. Bí iṣẹ́ ilé bá sì pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a lè fi ẹ̀yà kún ẹ̀rọ náà láì tà á. Pálọ̀ ló sì máa ń wà, níbi tí òbí ti ń rí ohun tí ọmọ ń wò. Àléébù rẹ̀ tó wúwo jù lọ ni pé kò ní bátìrì nínú, àléébù yìí kì í sì í ṣe kékeré ní ilẹ̀ tí iná ti lè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, tó sì lè dé padà pẹ̀lú agbára tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn ìtọ́sọ́nà ilẹ̀ òkèèrè tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tí wọ́n á sì fi power pack (àpótí inú kéèsì tó ń yí iná ògiri sí èyí tí àwọn ẹ̀yà ń lò) sí ìparí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ètò iná ni ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ilé, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

N kò ní dárúkọ iye náírà. Owó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé owó dọ́là, iye tí mo bá kọ lónìí sì lè ti yí kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ni bí a ṣe ń pín owó náà. Bí ẹ bá pín gbogbo owó yín sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ ya mẹ́ta sọ́tọ̀ fún processor àti motherboard (pátákó tí a ń so gbogbo ẹ̀yà mọ́), méjì fún power pack àti UPS (àpótí oníbátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró díẹ̀ bí iná bá lọ), méjì fún RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì), méjì fún mọ́nítọ̀, kí ẹ sì fi ìkẹwàá ra kéèsì, kíbọ́ọ̀dù àti mouse. Bí ọlọ́jà kan bá ní kí ẹ fi mẹ́fà nínú mẹ́wàá ra processor nìkan, ẹ̀rọ oníṣẹ́ mìíràn ló ń bá yín kó jọ.

Power pack àti UPS

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó kọ̀ǹpútà kan jọ fún ara mi. Mo ná owó lórí processor àti RAM títí tí èyí tó kù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan kan, ni mo bá ra power pack tó pọ́ọ́kú jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí i lára. Kò pé oṣù mẹ́rin tí iná fi dé lójijì ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dún pó, òórùn jíjóná gba yàrá, nígbà tí mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, motherboard àti SSD ti bá power pack lọ. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko wà lórí SSD yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ẹ̀rọ ìdílé nílò gan-an. Processor irú èyí tí n óò dárúkọ nísàlẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bíi 65 wáàtì. Bí a bá fi motherboard, RAM, SSD àti fáànù kún un, gbogbo ohun tó wà nínú kéèsì kò ní jẹ iná tó 150 wáàtì, àní nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Ojúlówó power pack 400 tàbí 450 wáàtì ti ju èyí lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá fà yín lọ. Lára gbogbo power pack ni wọ́n máa ń lẹ ìwé kan tó ní àtẹ nọ́ńbà mọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, ẹ wo iye áńpíà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí orí okùn 12 fólítì yìí ni processor ti ń gba oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 36A, ìṣirò yín yóò jẹ́ 432 wáàtì, ìyẹn sì bá 450W tí wọ́n kọ sí i mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ 500W tí +12V rẹ̀ kò sì ju 15A lọ, 180 wáàtì péré ló lè pèsè níbi tó ṣe pàtàkì. Ìwé náà lè purọ́ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ tún gbé e sọ́wọ́, kí ẹ gbé òmíràn tí ẹ mọ̀ pé ó jẹ́ ojúlówó sí ọwọ́ kejì. Power pack tí wọn kò fi irin, bàbà àti kápásítọ̀ tó yẹ sínú rẹ̀ máa ń fúyẹ́ lọ́nà tí ọwọ́ yóò mọ̀. Àmì 80 Plus, tó ń sọ pé power pack kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, lára ti ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tó dára, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìpele tó kéré jù lọ nínú àwọn ìpele rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ agbára iná tí ó lè gbà wọlé sí. Èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí dára fún wa ju èyí tí wọ́n kọ 200–240V sí lọ, nítorí pé 230 fólítì ni ó yẹ kí iná wa jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, ó lè wálẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gba ọ̀pọ̀ ìwọ̀n yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí èkejì yóò máa kú, tí yóò sì máa jí. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni ẹ ń rà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan tí a fi ń yan 115 tàbí 230. Bí ó bá wà lórí 115, tí ẹ sì kì í bọ iná ilé wa, yóò jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí 230 kí ẹ tó so wáyà kankan mọ́ ọn. Ẹ má sì tú power pack rárá, kódà bí ó bá ti kú, nítorí kápásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ní ti UPS, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á pẹ̀lú ìrètí pé yóò rọ́pò jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó wà láti fún yín láǹfààní kí ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, tàbí kí ó gbé e ró ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ ó fi tan iná mìíràn. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i, bíi 650VA, kì í ṣe wáàtì. Wáàtì rẹ̀ máa ń kéré sí i, ó sábà máa ń wà láàárín 350 sí 400, ẹ sì lè rí i lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì tó wọ́pọ̀ nínú irú èyí jẹ́ 12 fólítì, 7Ah, èyí tó túmọ̀ sí 84 wáàtì fún wákàtí kan lórí ìwé, ṣùgbọ́n nítorí pé bátìrì kékeré kì í lè tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde bí a bá ń fà á kíákíá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ni kí ẹ máa retí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀. Ìyẹn tó. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-laser mọ́ UPS, nítorí iná tó ń fà nígbà tó bá ń gbóná ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn tó ní inverter nílé náà nílò UPS bí inverter wọn kì í bá tètè gba iná, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí iná fi yẹ̀ ti tó láti pa kọ̀ǹpútà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè-sódò ni mo bẹ̀rù jù: bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí ni fólítì rẹ̀ náà ń yí, nítorí náà ẹ má ṣe so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn ní tààrà, ẹ jẹ́ kí UPS tó ní AVR (ẹ̀yà tó ń mú fólítì dúró ní ìwọ̀n tó yẹ) nínú wà láàárín wọn.

Processor àti motherboard

Ìdílé tí mo ṣàpèjúwe rẹ̀ lókè kò nílò káàdì àwòrán (ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sí ojú mọ́nítọ̀) tó dá dúró. Ohun tí wọ́n nílò ni processor tó ní ẹ̀rọ àwòrán nínú ara rẹ̀, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo lẹ́yìn nọ́ńbà ló ń sọ èyí fún wa. Nínú àwọn Ryzen, processor ilé iṣẹ́ AMD, tó ń wọ ihò motherboard tí wọ́n ń pè ní AM4, èyí tó ní G lẹ́yìn ló ní ẹ̀rọ àwòrán: Ryzen 5 5600G ní, Ryzen 5 5600 àti 5500 kò ní. Ní ti Intel, F ló ń sọ pé kò sí níbẹ̀: Core i3-12100 ní, i3-12100F kò ní. Àwọn tí kò ní ẹ̀rọ àwòrán máa ń dínwó díẹ̀, ọlọ́jà yóò sì sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ẹ bá gbà, ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ jọ tán, ẹ ó tan án, fáànù yóò máa yí, ojú mọ́nítọ̀ yóò sì dúdú bí òru.

Ryzen 5 5600G ni mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún 2021 ló jáde, ó ní core mẹ́fà (bí ọpọlọ kéékèèké mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀), ó sì ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì mí hẹlẹ. Core i3-12100, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 pẹ̀lú core mẹ́rin, dára fún iṣẹ́ ọ́fíìsì bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwòrán rẹ̀ kò lágbára tó ti 5600G bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe géèmù. Bí owó bá há gan-an, Ryzen 3 3200G ti 2019 ṣì ń sin ènìyàn, Windows 11 sì gbà á. N kò dámọ̀ràn AM5, ihò tó tẹ̀ lé AM4, fún irú owó báyìí, nítorí DDR5, oríṣi RAM tó tẹ̀ lé DDR4, nìkan ló ń lò, motherboard rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ béèrè bóyá fáànù processor wà nínú páálí, nítorí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lásán láìní páálí kì í ní fáànù, owó fáànù yóò sì wá di àfikún tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀.

Motherboard tí ó bá 5600G mu láì ná owó àpọ̀jù ni oní A520, tí ti i3-12100 sì jẹ́ oní H610. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi ọlọ́jà. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ BIOS, ètò kékeré inú motherboard tó ń jí ẹ̀rọ: A520 jáde ní 2020, 5600G sì tẹ̀ lé e ní 2021, nítorí náà motherboard tí wọ́n ṣe kí 5600G tó jáde kò mọ̀ ọ́n títí a ó fi sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, ẹni tí kò bá sì ní processor àtijọ́ nílé lè má rí ọ̀nà ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Èkejì, fún H610, ẹ wò ó bóyá DDR4 ló ń lò tàbí DDR5, nítorí oríṣi méjèèjì wà, RAM ọ̀kan kò sì wọ ihò èkejì. Ẹ̀kẹta, ẹ ka àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rí i pé HDMI tí a fi ń so mọ́nítọ̀ wà, USB tó, ihò M.2 sì wà fún SSD. Ọ̀pọ̀ irú motherboard yìí kò ní Wi-Fi, ṣùgbọ́n èyí kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra èyí tó wọ́n, nítorí USB Wi-Fi kékeré kan yóò ṣe iṣẹ́ náà, fóònù tí a fi wáyà so mọ́ ọn pàápàá lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọn. Ti AM4 wà lábẹ́ processor fúnra rẹ̀. Ti Intel wà nínú ihò motherboard. Ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ tàbí tó kán ti tó láti sọ gbogbo owó náà di òfo, ẹni tó tà á fún yín yóò sì sọ pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́.

RAM àti SSD

16GB ni mo gbà pé ó tọ́ fún ìdílé. 8GB yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ àwòrán tó wà nínú processor ń yá lára RAM yìí kan náà, ohun tó ń kù fún iṣẹ́ kì í tó 8GB, bí ọmọ bá sì ṣí ojú ìwé mẹ́wàá lórí Chrome, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́. Ẹ ra 8GB méjì dípò 16GB ẹyọ kan. Nígbà tí méjì bá wà, processor ń gba ọ̀nà méjì lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàtọ̀ tí èyí ń mú bá àwòrán àti géèmù sì hàn sójú. DDR4 tó ń sáré dé 3200 ni kí ẹ bèèrè. Owó RAM fò sókè gan-an ní òpin 2025, nígbà tí àwọn tó ń ṣe é yí ojú sí ilé iṣẹ́ tó ń ra ti ẹ̀rọ AI, nítorí náà bí owó yín kò bá gbé méjì, ẹ ra 8GB kan, kí ẹ fi ihò kejì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ lè ra èkejì rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ iwájú.

SSD ni ẹ̀yà tí ará ilé yóò fi mọ̀ pé ẹ̀rọ wọn yára. Hard disk àtijọ́ ń ka nǹkan bíi 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní SATA, tó ń lo okùn bíi ti hard disk, ń ka bíi 550MB, NVMe, SSD pẹlẹbẹ tó ń wọ ihò M.2, tó ń lo PCIe 3.0 (ọ̀nà tí ó ń gbà bá processor sọ̀rọ̀) sì lè dé 3,500MB. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni ti àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ tí Windows ń wá kiri nígbà tí ó bá ń jí, tí hard disk yóò máa yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó tó rí wọn. NVMe 500GB tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fowó kún un nítorí PCIe 4.0 bí 5600G bá ni ẹ rà, nítorí 3.0 ni ibi tí agbára 5600G pin sí. Bí ẹ bá ní fọ́tò àti fídíò ìdílé tó pọ̀, hard disk 1TB kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà tún wà níbòmíràn tí kò sí nínú kéèsì kan náà. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọkàn tó ti gbọgbẹ́.

Ayédèrú SSD pọ̀ lọ́jà. Ẹ gbé ètò CrystalDiskInfo, tó ń ka ipò SSD, sórí flash, kí ẹ sì ní kí wọ́n so SSD mọ́ ẹ̀rọ wọn kí ẹ lè wo wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ àti ìlera rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá pè ní tuntun kò gbọdọ̀ ti lò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ lo ètò H2testw láti kọ nǹkan kún un, kí ẹ tún kà á padà, nítorí àwọn kan wà tó ń sọ pé àwọn jẹ́ 1TB, tí inú wọn kò sì gbà tó 64GB.

Mọ́nítọ̀ àti kéèsì

Mọ́nítọ̀ 22 sí 24 íǹṣì tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1920 × 1080 ni kí ẹ rà, oní IPS bí ẹ bá rí i, nítorí ojú rẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà bí ọmọ mẹ́ta bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbí, n kò bẹ̀rù tòkunbọ̀ rárá: mọ́nítọ̀ tí ọ́fíìsì òkèèrè ti lò máa ń dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ fi àwòrán funfun, dúdú, pupa àti aláwọ̀ ewé kún ojú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá àmì tó ti kú tàbí ojú ibi tó ṣú.

Kéèsì tí ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n tó sì ní asẹ́ tí a lè yọ fọ̀ ló tọ́ sí wa, nítorí eruku ọyẹ́. Iná aláràbarà kò fi kún iṣẹ́.

Bí owó kò bá tó ìdajì

Bí gbogbo owó yín kò bá tó ìdajì ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ má ṣe fi ayédèrú ẹ̀yà kún àlàfo náà. Ẹ lọ ra odindi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, bíi Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre, kí ẹ sì fi SSD àti UPS kún un. Wọ́n ṣe wọ́n fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, power pack wọn kì í ṣe ayédèrú, wọn kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ má ṣe lọ sẹ́yìn Intel ìran kẹjọ, bíi Core i5-8500, nítorí ibẹ̀ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí gba Intel, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ìran kẹfà àti ìkeje kún ọjà fọ́fọ́ báyìí fún ìdí yìí gan-an. Ohun tí ẹ ó fara dà ni pé okùn power pack àti ìrísí motherboard wọn kì í sábà bá ti kéèsì lásán mu, nítorí náà bí ọ̀kan bá kú, irú rẹ̀ gan-an ni ẹ ó wá. Àwọn kékeré inú wọn tó mọ bí ìwé ń lo RAM laptop, ẹ béèrè kí ẹ tó ra àfikún.

Ní ọjà

Ọ̀tìgbà àti àwọn òpópónà tó yí i ká ní Computer Village, Ìkẹjà, ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rajà yìí. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ẹni tó bá fà yín lọ́wọ́ lójú pópó, nítorí alágbàtà ni, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ béèrè iye ohun kan náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Ẹni tó bá gbà kí ẹ so motherboard, processor àti RAM pọ̀ lórí káńtà rẹ̀, kí àwòrán jáde kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ni kí ẹ bá ra, àní bí ó bá fi díẹ̀ wọ́n ju ẹni tó kọ̀ lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo ẹ̀yà níwájú ọlọ́jà, kí ó sì kọ wọ́n sórí rìsíìtì pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.

Nígbà tí ẹ bá ń kó o jọ, bí motherboard bá ní ihò RAM mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor ni ẹ ó fi méjèèjì sí. Wáyà iná oníhò mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ processor ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń gbàgbé. Ní ti Windows, èyí tí wọ́n já títìpa rẹ̀ tí wọ́n ń gbé fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ọjà sábà máa ń gbé nǹkan mìíràn wọlé, ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ kò sì yẹ kó wà lórí irú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ra ojúlówó lè fi Linux Mint, ètò tó lè rọ́pò Windows, sí i lọ́fẹ̀ẹ́, LibreOffice wà níbẹ̀ fún ìwé àti ìṣirò. Windows àti Linux méjèèjì ló ní àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ sì yàn án láti ọjọ́ kìíní. Ìbéèrè èdè Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ní àmì ohùn lórí báyìí.

Bátìrì UPS kì í pẹ́ nínú ooru wa, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ó sábà máa ń lò, kì í sì í kéde ikú rẹ̀. Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ, yóò yọ wáyà UPS kúrò lára ògiri, yóò wo aago, yóò sì kọ iye ìṣẹ́jú tó lò sára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kéèsì. Mẹ́tàdínlógún ni ó kọ ní oṣù kìíní. Ọjọ́ tí ó bá kọ márùn-ún ni wọn yóò ra bátìrì tuntun.